Ìlú Méje Ìbàràpá àti Omi Mímu

Bí a bá ti Abẹ́òkúta kọrí sí ìhà àríwá, kò ní pẹ́ tí igbó yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n ká, tí ọ̀dàn yóò gba ilẹ̀, tí àpáta yóò sì máa yọ orí níhìn-ín lọ́hùn-ún. A ti dé Ìbàràpá nìyẹn, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ìlú méje ni a máa ń kà níbẹ̀. Igbó-Ọrà, Ìdèrè, Ayétẹ̀, Tápà àti Ìgangan ni a ó máa bá bí a ti ń lọ sókè. Èrúwà àti Láńlátẹ̀ wà ní ìhà ìlà-oòrùn, lójú ọ̀nà Ìbàdàn.

Lójú ará Èkó, oko lásán ni gbogbo ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìlú aládé ni wọ́n. Tápà ni Yorùbá ń pe àwọn Núpé, Ẹlẹ́mpẹ sì ni oyè ọba ìlú Tápà, orúkọ kan náà tí ìtàn Ọ̀yọ́ fún ọba Núpé tó jẹ́ bàbá ìyá Ṣàngó. Igbó-Ọrà ní tirẹ̀, ìbejì ló sọ ọ́ di olókìkí. Àwọn kan ní ọbẹ̀ ilasa ló fà á. Àwọn onímọ̀ kò tíì fìdí èyí múlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ omi ló jẹ wá lógún jù. Àpáta líle ló wà lábẹ́ ilẹ̀ Ìbàràpá, kànga kì í rọrùn-ún gbẹ́, ọ̀pọ̀ odò kéékèèké a sì gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Adágún ni ará ìlú máa ń pọn mu láyé àtijọ́, ibẹ̀ ni sòbìà sì ti máa ń bá wọn nígbà náà. Kòkòrò tínńtín inú omi ló ń gbé ọmọ sòbìà; ẹni tó bá mu ún kò ní mọ nǹkan kan fún nǹkan bí ọdún kan. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ yóò wú, tí aràn tó lè gùn tó mítà kan yóò máa yọ díẹ̀díẹ̀. Bí aláìsàn bá ki ẹsẹ̀ náà bọ adágún kí ara lè tù ú, aràn á tú ọmọ sínú omi, ó tún di ti ẹlòmíràn. Àgbẹ̀ tí ó yẹ kó wà lóko á wà lórí ẹní.

Òwe àwọn baba wa ní bí sòbìà yóò bá degbò, olúgánbe là ń ké sí. Wọ́n mọ ewé tí wọ́n fi ń tọ́jú egbò náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ gbà pé inú ara ènìyàn ni aràn náà ti ń wá.

Ní ọdún 1963, Yunifásítì Ìbàdàn dá iṣẹ́ ìlera ìgbèríko sílẹ̀ ní Ìbàràpá, Igbó-Ọrà ni ibùdó rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń lọ gbé láàárín ará ìlú. Nígbà tó yá, ní nǹkan bí ọdún 1980 sí 1990, wọ́n ṣe ìwádìí sòbìà ní Ìdèrè, wọ́n kọ́ ará ìlú pàápàá ní iṣẹ́ ìlera, aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi sì wọ ilé. Kò sí oògùn tó ń pa aràn náà nínú ara. Aṣọ asẹ́ àti omi tó mọ́ ni a fi ń dènà rẹ̀.

Nígbà tí a ka aláìsàn sòbìà káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 1988, wọ́n lé ní 650,000. Ọdún 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn, ní Ìpínlẹ̀ Enugu. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé sòbìà ti kúrò ní ilẹ̀ wa.