Láti Ìyáàlù Ààfin Tìmì dé Kíláàsì Mass Communication

Ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ òbí máa ń bi ọmọ wọn nígbà tí fọ́ọ̀mù JAMB bá ti dé: "Mass Communication kẹ̀? Public relations? Iṣẹ́ wo nìyẹn?" Ọ̀rọ̀ yẹn la fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ọmọ Ẹdẹ ò tiẹ̀ yẹ kó béèrè rẹ̀, torí iṣẹ́ náà ti wà láàfin Tìmì kí òyìnbó tó fún un lórúkọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìlù. Onílù ààfin ló ń fi ìlù jí ọba láàárọ̀. Tí àlejò bá ń wọlé bọ̀, òun ló ń kéde rẹ̀, torí ó mọ oríkì ìdílé kọ̀ọ̀kan. Bí nǹkan ò bá sì rọgbọ nílùú, ó lè fi ìlù sọ ohun tí ẹnu ìjòyè ò gbọdọ̀ sọ. Ṣé ẹ rí i pé kì í ṣe yíyin ọba nìkan? Ó ń gbé ọ̀rọ̀ ọba jáde síta, ó sì ń gbé ọ̀rọ̀ ìlú wọlé. Ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ public relations lónìí náà nìyẹn.

Iṣẹ́ ọ̀hún ò rọrùn. Ohùn ọ̀rọ̀ ni ìlù ń gbé, kì í gbé lẹ́tà. Tí onílù bá lu "bàbá", ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn òkè ni ẹ máa gbọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni "ìlú" àti "ẹ̀kọ́" náà ṣe ń dún. Ìdí nìyẹn tí onílù fi máa ń lu odindi gbólóhùn, oríkì tàbí òwe tí gbogbo ayé mọ̀, kí olùgbọ́ má baà ṣì í gbọ́. Láti kékeré lọmọ Àyàn ti ń kọ́ ọ, á pẹ́ kí wọ́n tó gbé ìyáàlù lé e lọ́wọ́.

Tìmì kan wà tó jẹ́ kí ayé mọ̀ nípa èyí: Ọba John Adétòyèṣe Láoyè Kìíní, tí wọ́n jọba láti 1946 títí di 1975. Kábíyèsí fúnra wọn máa ń lu ìlù, ohun tí ojú ò sábà rí lọ́wọ́ ọba. Ní 1959, wọ́n kọ àròkọ lórí ìlù Yorùbá sínú ìwé àtìgbàdégbà Odù. Ọdún yẹn kan náà ni tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn, ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn l'Ábẹ́òkúta ní 1859.

Ìgbà yẹn ni ilé ẹ̀kọ́ wá gba iṣẹ́ náà. Ní 1961, Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka dá Jackson College of Journalism sílẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, Yunifásítì Èkó náà bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀. Àwọn tó ń ṣe public relations dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1963, ìyẹn NIPR tá a mọ̀ lónìí. Ní 1990, ìjọba ṣòfin tó fún un lágbára, débi pé ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, iṣẹ́ tó ní òfin ni, kì í ṣe eré.

Ẹ wá wo ilé wa. Federal Polytechnic dé Ẹdẹ ní 1992. Adeleke University bẹ̀rẹ̀ ní 2011. Redeemer's University, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2005 ní ìpínlẹ̀ Ògùn, kó wá sọ́dọ̀ wa lẹ́yìn náà, wọ́n sì ń kọ́ Mass Communication níbẹ̀. Ọmọ tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí lè jí nílé bàbá rẹ̀ kó sì lọ sí kíláàsì.

Ohun tó ń dùn wá rèé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló jẹ́ pé inú eré Dúró Ládiípọ̀, Ọba Kò So, ni wọ́n ti gbọ́ nípa Tìmì. Eré tó dáa ni, àmọ́ ìtàn Ṣàngó ló ń sọ. Níbẹ̀, Gbọ̀nkáà ló borí, tó mú Tìmì lọ s'Ọ́yọ̀ọ́. Tí a ò bá sọ ìtàn Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fàiná fúnra wa, ẹlòmíì á máa bá wa sọ ọ́, bó sì ṣe wù ú ló máa sọ ọ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ìwé tẹ́ ẹ̀ ń kà dáa, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà onílù. Ẹ mú fóònù yín dání. Ẹ ní kí wọ́n lu oríkì Tìmì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ ní gbólóhùn kan tẹ̀lé òmíràn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ pa á mọ́. Ohùn tí a ò bá gbà sílẹ̀ lónìí, tí àgbà náà bá ti lọ, kò sí yunifásítì tó lè kọ́ wa ní tiẹ̀ mọ́.

Ẹdẹ á máa gòkè o. Àṣẹ.