Kí rédíò tó dé ni Ọjà'ba ti ń kọrin polówó ọjà 🧵

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ọjà lórí fóònù, ẹ súnmọ́ ibí. Ọ̀pọ̀ wa rò pé ilé iṣẹ́ ọṣẹ àti ọtí ló mú jingle wá. Irọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká padà sí Ìbàdàn àtijọ́ ná, láàárín Mápó, Bẹẹrẹ, Bẹ́yẹrunkà àti Ọjà'ba.

Ọjà Ìbà Olúyọ̀lé ni Ọjà'ba, olórí Ìbàdàn tó ti kú kó tó di ọdún 1850. Nígbà yẹn, ẹni tó bá ń kiri ọjà ò ní pátákó, kò ní fọ́tò. Ohùn ló ní. Ẹlẹ́kọ ní ohùn tirẹ̀, elépo ní tirẹ̀, alágbàdo náà ní tirẹ̀. Ẹ lè wà nínú yàrá, kẹ́ ẹ má rí ẹnì kankan, ẹ ti mọ ohun tó ń kọjá lójú ọ̀nà, ẹ sì mọ ìyá tó gbé e. Ẹ kàn máa ké sí i látinú ilé ni. Ìpolówó nìyẹn, àwọn ọ̀mọ̀wé dẹ̀ kà á mọ́ lítíréṣọ̀ alohùn, ní ẹgbẹ́ kan náà pẹ̀lú oríkì.

Ohun tó jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ni pé orin ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti gòkè, orin á gòkè. Ibi tó bá ti wálẹ̀, orin á wálẹ̀. Torí ẹ̀ ni onílù fi lè polówó láìla ẹnu. Onígángan tó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù ní Bẹẹrẹ, tó ń pe orúkọ yín mọ́ ti bàbá yín, ẹ rò pé owó ló wá tọrọ. (Ó wá tọrọ owó lóòótọ́ o 😂) Àmọ́ gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé ẹ ti ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Ìjọ ló kọ́kọ́ da èyí rú. Láwọn ìjọ àkọ́kọ́, irú èyí tí David àti Anna Hinderer dá sílẹ̀ ní Kúdẹtì lẹ́yìn 1850, orin òyìnbó ni wọ́n túmọ̀, ohùn òyìnbó náà ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ń lọ sókè, orin ń lọ sísàlẹ̀. Ó pẹ́ káwọn ọmọ Yorùbá tó tún un ṣe. J.J. Ransome-Kuti lọ gba orin Yorùbá tirẹ̀ sí rẹ́kọ́ọ̀dù ní London lọ́dún 1922. Nígbà tó di 1953, T.K. Ẹkúndayọ̀ Phillips kọ ìwé kan tó pè ní Yoruba Music, ó ṣàlàyé nínú ẹ̀ bó ṣe yẹ kí orin bọ̀wọ̀ fún ohùn èdè wa.

Kí ló kan oníṣòwò? Ẹni tó ń ta ọkọ́ ní Ọjà'ba, tí orin bá gbé ohùn ẹ̀ wálẹ̀, ó ti di pé ọkọ ló ń tà 😭

Àpótí Rediffusion dé Ìbàdàn lọ́dún 1939, lẹ́yìn tó ti bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó ní 1935. Wáyà ni wọ́n fi ń fà á wọlé. Orúkọ táwọn èèyàn wa fún rédíò wù mí gan-an: asọ̀rọ̀mágbèsì. Ẹlẹ́kọ máa ń gbèsì, ẹ lè bá a ná ọjà. Ta ló fẹ́ bá àpótí ná ọjà? Ní October 31, 1959, WNTV bẹ̀rẹ̀ l'Ágodi, ìjọba àti ilé iṣẹ́ Overseas Rediffusion ló jọ dá a sílẹ̀. Ìpolówó di ohun tí wọ́n ń tà ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni alátẹ ti bọ́ sẹ́yìn.

Ọ̀dọ̀ olórin ló gbà wọlé padà. Olórin àpàlà, sákárà àti àwúrèbe, èyí tí Dáúdà Epo Àkàrà tiwa n'Ìbàdàn fi gbajúmọ̀, máa ń pe oníṣòwò lórúkọ, wọ́n á pe iṣẹ́ ẹ̀, wọ́n á pe ìyàwó àti ọmọ. Ẹgbẹ́ kan l'Óṣogbo ni Hárúnà Ìṣọ̀lá kọrin fún nínú Oroki Social Club lọ́dún 1971, títí dòní la ṣì ń pe orúkọ ẹgbẹ́ náà. Jingle wo ló pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?

Ní báyìí, ẹ̀rọ gbohùngbohùn oníta oògùn èkúté ló kù lójà, ohùn kan náà láti àárọ̀ dalẹ́. Lórí Instagram, orin Afrobeats tó ń lọ lọ́wọ́ làwa ń mú, a ó wá ki orúkọ ọjà wa bọ̀ ọ́. Èyí tẹ́ ẹ bá fi ṣe ìpolówó láìgba àṣẹ lè kó yín sí wàhálà, torí Copyright Act 2022 wà nílẹ̀. Wọ́n lè pa ohùn fídíò yín. Ọ̀rọ̀ yín sì tún lè dojú rú bíi ti ọkọ́ yẹn.

Onílù ṣì wà ní Bẹẹrẹ o. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé a máa ń ya fídíò wọn, a ó fi polówó ọjà, a ó wá nawọ́ ṣéńjì sí wọn bíi pé ìnáwó la wà. Ẹ bá wọn dúnàá-dúrà kẹ́ ẹ tó tẹ fóònù, ẹ san án pé, ẹ kọ orúkọ onílù sábẹ́ fídíò.

Ìpolówó wo lẹ rántí ní àdúgbò yín? Ẹ gbà á sí voice note, ẹ jù ú síbí. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ̀.