Robert V. Remini

Robert Vincent Remini (ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 1921 – ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2013) jẹ́ òpìtàn, olùkọ́ ní yunifásítì àti òǹkọ̀wé ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ó gbajúmọ̀ fún àwọn ìwé tí ó kọ nípa àwọn olórí Amẹ́ríkà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, pàápàá jù lọ Andrew Jackson, Ààrẹ keje orílẹ̀-èdè náà.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé àti iṣẹ́

Ìlú New York ni a bí Remini sí. Ó gba oyè àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Fordham ní ọdún 1943, ó sì wọ iṣẹ́ ológun ojú omi nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Iṣẹ́ agbẹjọ́rò ni ó ní lọ́kàn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àsìkò tí ó fi wà lójú omi ni ó pinnu láti di òpìtàn. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Columbia ní ọdún 1951. Ó kọ́kọ́ ṣe olùkọ́ ní Fordham, kí ó tó lọ sí Yunifásítì Illinois ní ìlú Chicago ní ọdún 1965.

Àwọn ìwé lórí Jackson

Ní ọdún 1959, Remini tẹ ìwé jáde lórí Martin Van Buren àti bí a ṣe dá ẹgbẹ́ òṣèlú Democratic sílẹ̀. Ní ọdún 1967, ó kọ Andrew Jackson and the Bank War, tí ó dá lé ìjà Jackson pẹ̀lú báńkì ìjọba àpapọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ tí ó lókìkí jù ni ìtàn ìgbésí ayé Jackson tí ó pín sí apá mẹ́ta, tí wọ́n jáde ní ọdún 1977, 1981 àti 1984. Apá kẹta gba Àmì-Ẹ̀yẹ Ìwé ti Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní ọdún 1984.

Apá kìíní dá lórí ogun àti bí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe gbòòrò sí i. Ní oṣù Kẹta ọdún 1814, Jackson ṣẹ́gun àwọn jagunjagun Creek ní Horseshoe Bend, níbi tí ó lé ní 800 nínú wọn ti kú. Àwọn ọmọ Cherokee àti apá kan nínú àwọn Creek fúnra wọn jà lẹ́yìn Jackson lọ́jọ́ náà. Síbẹ̀, àdéhùn tí ó tẹ̀ lé ogun yìí gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 23 éékà ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Creek, kò sì yọ ilẹ̀ àwọn tí ó jà fún Jackson sílẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kìíní ọdún 1815, Jackson borí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní New Orleans. Ní ọdún 1818, ó kó ogun wọ Florida, tí ó wà lábẹ́ Spéìn nígbà náà. Spéìn sì fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún Amẹ́ríkà nípa àdéhùn ọdún 1819.

Àríyànjiyàn

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1830, Jackson buwọ́ lu òfin tí ó fi àyè sílẹ̀ láti kó àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà kúrò ní ìlà-oòrùn odò Mississippi. Ní ọdún 1838, nígbà tí Van Buren ti di Ààrẹ, àwọn ológun lé àwọn Cherokee kúrò nílé wọn. A ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 4,000 ló kú nínú nǹkan bí 16,000. Ìrìn náà ni a ń pè ní Ọ̀nà Omijé.

Remini kò fi ìyà yìí pamọ́. Nínú Andrew Jackson and His Indian Wars, tí ó jáde ní ọdún 2001, ó ṣe àlàyé rẹ̀ ní kíkún, ṣùgbọ́n ó jiyàn pé bí a kò bá kó àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí kúrò, ó ṣeé ṣe kí wọ́n run pátápátá. Ọ̀pọ̀ òpìtàn kò gbà pẹ̀lú rẹ̀. Lójú wọn, ìjọba tí ó kọ̀ láti dáàbò bo ènìyàn lórí ilẹ̀ rẹ̀ kò lè sọ pé lílé tí òun lé e ni ó gbà á là. Wọ́n tún tọ́ka sí i pé ilẹ̀ tí a gbà náà di oko òwú, tí àwọn ẹrú ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àti pé Jackson fúnra rẹ̀ ní ẹrú tí ó lé ní 100. Síbẹ̀, àwọn tí ó ta ko Remini pàápàá ṣì ń lo ìwé rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ìwé àkọsílẹ̀ àtijọ́ tí ó fi ṣe ìwádìí.

Àwọn iṣẹ́ mìíràn

Remini tún kọ ìtàn ìgbésí ayé Henry Clay ní ọdún 1991, ti Daniel Webster ní ọdún 1997 àti ti John Quincy Adams ní ọdún 2002. Ìwé rẹ̀ lórí ìtàn Ilé Aṣojú-ṣòfin Amẹ́ríkà jáde ní ọdún 2006. Láti ọdún 2005 títí di 2010, òun ni òpìtàn Ilé náà. Ó kú ní ẹni ọdún 91.