Kejetia, 1969: Ohun tí Alukoro Kò Lè Tún Ṣe

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àjọ àti ìjọba ló gbà pé bí ọ̀rọ̀ bá bàjẹ́ tán, alukoro ni yóò tún un ṣe. Ìtàn àwọn Yorùbá tó ń ṣòwò ní Kejetia, ní ìlú Kumasi, lórílẹ̀-èdè Ghana, fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí a kò bá pèsè sílẹ̀ kí a tó kéde, ẹnu dídùn kò lè pèsè rẹ̀ lẹ́yìn ìkéde.

Ní Kejetia, ibùdókọ̀ àti ọjà ńlá Kumasi fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́. Kí ọdún 1969 tó dé, àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà, Ìgbẹ́tì àti Ṣakí ti fìdí múlẹ̀ káàkiri ọjà Ghana. Nínú ìkànìyàn ọdún 1960, àwọn Yorùbá tó wà níbẹ̀ lé ní 100,000. Alata ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe àwọn tó ti Nàìjíríà wá; títí dòní, alata samina ni wọ́n ń pe ọṣẹ dúdú. Ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n bí sí Ghana, tó jẹ́ pé orúkọ nìkan ni wọ́n mọ ìlú baba wọn sí.

Ẹgbẹ́ òṣèlú Progress Party ti Kofi Abrefa Busia gba ìjókòó 105 nínú 140 nínú ìdìbò ọdún 1969. Ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ àwùjọ ẹ̀dá ni Busia. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó di Olóòtú Ìjọba tí ìjọba rẹ̀ fi pàṣẹ, ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú wá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kó kẹ́rù rẹ̀ jáde. Àìríṣẹ́ṣe ń pọ̀ sí i, gbèsè wọ ìjọba lọ́rùn, aráàlú sì ń ráhùn pé àjèjì ti gba ọjà.

Ìjọba kọ̀ọ̀kan ló ní ẹ̀tọ́ láti sọ ẹni tí yóò gbé ìlú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí ìdáhùn wọn ti wà nílẹ̀ ṣáájú. Ẹni tí wọ́n bí sí Kumasi ńkọ́? Báwo ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn yóò ṣe rí ìwé gbà láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá? Òwò àwọn Yorùbá dúró lórí àwìn. Ta ni yóò bá wọn gba gbèsè tó wà lọ́wọ́ oníbàárà? Àìsí ìdáhùn ló sọ àṣẹ náà di làásìgbò. Wọ́n ta ọjà ní ọ̀pọ̀, wọ́n fi ìsọ̀ sílẹ̀, wọ́n sì gba Togo àti Dahomey padà sí Nàìjíríà tí ogun abẹ́lé ṣì ń jà. Òṣìṣẹ́ wọ́n nínú oko kòkó Ghana. Orílẹ̀-èdè tí Nkrumah sọ di ojúlé ìṣọ̀kan Áfíríkà wá di ẹni tí aládùúgbò ń fura sí.

Ó yẹ kí Nàìjíríà ti kọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 17, oṣù Kìíní, ọdún 1983, Alhaji Ali Baba, Mínísítà Ọ̀rọ̀ Abẹ́lé nínú ìjọba Shagari, fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì, gẹ́gẹ́ bí Busia ti ṣe. Ghana ti ti ẹnubodè rẹ̀ láti ọdún 1982. Ọ̀pọ̀ èrò há sójú ọ̀nà ní Benin, títí Rawlings fi ṣí i ní ọjọ́ 29 oṣù náà. Ìjọba lé èrò láìwo ọ̀nà tí wọn yóò gbà. Àṣẹ náà ti parí tipẹ́, ṣùgbọ́n àpò tí wọ́n fi kẹ́rù ṣì ń jẹ́ Ghana Must Go lọ́jà wa.

Ní ìparí oṣù Keje, ọdún 2025, àwọn kan tún wọ́de ní Ghana pé kí àwọn ará Nàìjíríà máa lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, Àbújá tètè rán Bianca Odumegwu-Ojukwu, mínísítà kejì fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, lọ sí Accra. Ààrẹ Mahama fúnra rẹ̀ gbà á lálejò, ó sì sọ ní gbangba pé kò sáyè fún ìkórìíra àjèjì ní Ghana. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ló sọ̀rọ̀, kò sì jẹ́ kó pẹ́.

Òkèèrè ni olójú jínjìn ti ń mẹ́kún sun. Àjọ tó bá fẹ́ dáàbò bo orúkọ rẹ̀, kó jẹ́ kí alukoro jókòó níbi tí wọ́n ti ń gbèrò, kó lè béèrè pé ta ni yóò jìyà, ibo ni yóò gbà, ta ni yóò dá a lóhùn. Bí wọn kò bá rí ìdáhùn, kí wọ́n má tíì kéde.