Ọjọ́ Orí àti Ẹ̀jẹ̀ Inú Ọpọlọ: Rọpárọsẹ̀ ní Ilẹ̀ Ìkálẹ̀

Rọpárọsẹ̀ ni orúkọ tí Yorùbá fi mọ àìsàn tó ń sọ apá kan ara di òkú, ohun tí ojú rí ni orúkọ náà sì ń sọ, apá rọ, ẹsẹ̀ rọ, láìfi ìyàtọ̀ sáàárín iṣan ẹ̀jẹ̀ tó dí nínú ọpọlọ àti èyí tó bẹ́. Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, láti Ìkọyà dé Òde-Ìrèlè àti Òkìtìpupa, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ọjọ́ orí aláìsàn ló sábà máa ń pinnu ohun tí ará ilé yóò ka àìsàn náà sí: bí àgbàlagbà bá ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò bára mu, wọ́n á ní ó ń ṣarán, ogbó ti dé, ṣùgbọ́n bí ọ̀dọ́ bá ṣubú lójijì lóko, àfiṣe ni, wọ́n á sì lọ wádìí ẹni tó ta á lọ́fà. Àwọn tó pín in bẹ́ẹ̀ rí òótọ́ kan, pé àìsàn yìí kì í bá ọ̀dọ́ àti àgbà jà bákan náà, àmọ́ ibẹ̀ náà ni wọ́n ti jọ̀wọ́ ọ̀pọ̀ àgbà tí ì bá yè.

Àwọn dókítà náà wádìí ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí yìí. Ọdún 1957 ni wọ́n ṣí ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì ní Ìbàdàn, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí UCH, ọdún 1962 sì ni Látúndé Ọdẹ́kù, ọmọ Àwẹ́, padà láti Amẹ́ríkà wá dá iṣẹ́ abẹ ọpọlọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú agbárí kò tíì sí láyé nígbà náà, nítorí ọdún 1971 ni wọ́n kọ́kọ́ fi í ya aláìsàn ní Lọ́ńdọ̀nù. Oògùn ni wọ́n ń fà sínú iṣan ọrùn, kí fọ́tò ara tó lè fi ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ hàn. Láàárín 1973 sí 1975, dókítà Benjamin Ọ̀ṣúntọ́kun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ orúkọ àwọn tí rọpárọsẹ̀ ń mú nílùú Ìbàdàn sílẹ̀, wọ́n sì rí i pé bí ọjọ́ orí ṣe ń ga ni iye wọn ń ga.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí ẹ̀jẹ̀ fi ń bá ọpọlọ àgbà jà: bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ, ọpọlọ a máa súnkì kúrò lára agbárí, àwọn iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ó mọ́ awọ tó bò ó a sì nà tantan, tó bẹ́ẹ̀ tí ìṣubú kékeré ní balùwẹ̀ fi lè já ọ̀kan nínú wọn. Ẹ̀jẹ̀ á máa jò díẹ̀díẹ̀ sínú àlàfo náà, yóò sì tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ìyá tó ṣubú náà tó máa ṣi orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ pè, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan á máa wọ́ nílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní arán nìyẹn, bẹ́ẹ̀ oníṣẹ́ abẹ lè lu ihò kékeré sí agbárí, kí ẹ̀jẹ̀ dúdú náà ṣàn jáde, kí ìyá sì tún mọ ọmọ.

Ti ọ̀dọ́ yàtọ̀. Agbárí rẹ̀ kún dẹ́múdẹ́mú, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ tó bá bẹ́ síbẹ̀ á tètè fún ọpọlọ pa. Ti àgbà, ohun tó ń tẹ̀lé e ló burú: ọkàn tó ti rẹ̀, egbò ìdùbúlẹ̀, àti òtútù àyà, nítorí ọ̀fun tí àìsàn ti sọ di aláìlágbára kì í gbé oúnjẹ mì dáadáa. Òkèlè púpurú, ìyẹn ẹ̀gẹ́ tí àwọn Ìkálẹ̀ ń rẹ sómi, tí wọ́n ń mọ róbótó, tí wọ́n sì ń fi èéfín iná gbẹ kí wọ́n tó rò ó, lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ nígbà tí ọmọ bá fi ìfẹ́ fún ìyá rẹ̀ jẹ lórí ìdùbúlẹ̀.

Síbẹ̀, ọjọ́ orí nìkan kọ́ ló ń dájọ́. Nínú òṣùwọ̀n olójú mẹ́fà tí àwọn dókítà Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2001 láti mọ bí ewu ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ ṣe pọ̀ tó, pípé 80 ọdún kò gbà ju ojú kan lọ, nígbà tí àìmọra lè gba méjì. Ìwádìí tí dókítà Mayọ̀wá Ọwọ́lábí ṣe aṣáájú rẹ̀ ní Nàìjíríà àti Gánà, tó jáde ní 2018 lórí aláìsàn 2,118, fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣáájú ohun tó ń fa rọpárọsẹ̀, lára ọ̀dọ́ àti àgbà, kì í ṣe ọfà ẹnikẹ́ni.

Ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ ni ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn láti Òkìtìpupa lọ sí ilé ìwòsàn ní Oǹdó, Ilé-Ifẹ̀ tàbí Ìbàdàn ń gbà, kò sì sí ìdí kankan tí àyè inú ọkọ̀ náà fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ọ̀dọ́ nìkan.