Ọmọ Tí A Kọ́, Ilé Tí A Kò Ní: Ẹ̀kọ́ Ìlù àti Iṣẹ́ Ọnà fún Àwọn Ọmọ Tálákà ní Salvador, 1974 sí 2005

1. Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Bí a bá yẹ òwe yìí wò dáadáa, a ó rí i pé ó ti gba ohun kan gẹ́gẹ́ bí òtítọ́ tí kò ní àríyànjiyàn nínú: pé òbí ní ilé tí ọmọ lè tà. Kí ni òwe náà wá ní í sọ fún òbí tí ó kọ́ ọmọ rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò ní ilé? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú bébà yìí. Ìtàn adúgbò méjì ní ìlú Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bàhíà ní orílẹ̀-èdè Bùràsíìlì, ni a ó fi ṣe é.

Adúgbò kìíní ni Curuzu, ní àgbègbè Liberdade, níbi tí ẹgbẹ́ Ilê Aiyê ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1974. Èkejì ni Pelourinho, ní àárín ìlú àtijọ́, níbi tí ẹgbẹ́ Olodum ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1979. Orúkọ méjèèjì kò ṣàjèjì sí wa: Ilé Ayé ni ọ̀kan, èkejì sì ti inú Olódùmarè jáde. Ẹgbẹ́ méjèèjì fi ìlù, orin àti ijó kọ́ àwọn ọmọ tálákà tí ìjọba kò kà sí. Èrò wa ni pé ohun tí ó mú kí àyọrísí wọn yàtọ̀ kì í ṣe irú ìlù tí wọ́n lù tàbí ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ́ni, bí kò ṣe ẹni tí ó ni ilé tí àwọn ọmọ náà àti ẹbí wọn ń gbé.

2. Ohun tí ó wà nílẹ̀ ṣáájú ọdún 1974

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Karùn-ún ọdún 1888 ni òfin fi òpin sí oko ẹrú ní Bùràsíìlì. Òfin náà tú àwọn ènìyàn sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò fún wọn ní ilẹ̀, kò sì kọ́ ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ wọn. Lẹ́yìn èyí, ẹni tí kò mọ̀wé kò ní ẹ̀tọ́ láti dìbò títí di ọdún 1985. Nítorí náà, kì í ṣe iṣẹ́ nìkan ni ọmọ tí kò kọ́ ìwé kíkà ní Salvador pàdánù. Bí ó bá dàgbà, kò ní ohùn nínú ọ̀rọ̀ ìlú rẹ̀. Ìlù pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ òfin. Àwọn ilé òrìṣà ní Bàhíà ní láti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kí wọ́n tó lè ṣe orò wọn. Oṣù Kìíní ọdún 1976 ni gómìnà Roberto Santos tó fi òpin sí àṣà yìí.

Èyí kò fi hàn pé kò sí ẹ̀kọ́ láàárín àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Ilé òrìṣà fúnra rẹ̀ jẹ́ ilé ẹ̀kọ́. Ibẹ̀ ni ọmọ ti ń jókòó ti àgbà onílù, tí ó ń wo ọwọ́ rẹ̀, tí ó ń gbọ́ orin, tí ó sì ń kọ́ bí a ti ń kí àgbà àti bí a ti ń ní sùúrù. Eugênia Anna dos Santos, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí Mãe Aninha, tí orúkọ rẹ̀ nínú àṣẹ sì ń jẹ́ Ọba Bíyìí, ni ó dá Ilê Axé Opô Afonjá sílẹ̀ ní ọdún 1910. Ìyá yìí, tí ó kú ní ọdún 1938, a máa sọ pé ohun tí òun fẹ́ ni kí àwọn ọmọ òun fi òrùka ẹni tí ó gboyè sọ́wọ́, kí wọ́n sì máa sin Ṣàngó síbẹ̀. Ní ọdún 1978, nígbà tí Mãe Stella wà lórí ipò, ilé náà dá ibi ìtọ́jú àwọn ọmọdé sílẹ̀, wọ́n sì fi Ọba Bíyìí sọ ọ́. Ní ọdún 1986, ó di ilé ẹ̀kọ́ tí ó ń jẹ́ orúkọ àbísọ ìyá náà. A ṣàkíyèsí pé nínú èrò Mãe Aninha, ìwé kò ya ọmọ kúrò nílé: inú ilé kan náà ni òrùka àti òrìṣà wà.

3. Curuzu: ẹ̀kọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ nínú agbo ilé

Hilda Dias dos Santos, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Mãe Hilda, ni ìyálórìṣà Ilê Axé Jitolu ní Curuzu. Ọmọ rẹ̀, Antônio Carlos dos Santos tí wọn ń pè ní Vovô, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Apolônio de Jesus, ni wọ́n dá Ilê Aiyê sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 1974. Ẹgbẹ́ kánífà ni wọ́n dá sílẹ̀, èyíinì ni ẹgbẹ́ tí yóò máa jó ní ìgboro ní àsìkò ọdún tí ó ṣáájú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì. Ní ayé ìgbà náà, aláwọ̀ dúdú ní í máa ń ti ẹrù tàbí kí ó máa fa okùn fún ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́lá nínú kánífà. Ilê Aiyê sọ pé aláwọ̀ dúdú nìkan ni yóò jó nínú ẹgbẹ́ tiwọn. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1975, ìwé ìròyìn kan ní Salvador pè wọ́n ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ìjọba ológun ni ó wà lórí oyè nígbà náà, ẹ̀rù sì wà pé wọn yóò kó àwọn ọ̀dọ́ náà. Mãe Hilda fúnra rẹ̀ ni ó dúró tì wọ́n. Títí di ìgbà tí ó kú ní ọdún 2009, òun ni ó ń ṣe ètùtù kí ẹgbẹ́ tó jáde lọ́dọọdún, tí àwọn ẹyẹlé funfun a sì fò lọ sókè láti tọrọ àlàáfíà.

Ní ọdọọdún ni ẹgbẹ́ náà máa ń mú ìtàn orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan tàbí ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú ní Bùràsíìlì gẹ́gẹ́ bí àkòrí. Zimbabwe ni ti ọdún 1981, Mali ni ti ọdún 1982. Wọn a ṣe ìwádìí, wọn a kọ ọ́ sínú ìwé pélébé, wọn a sì fi fún àwọn akọrin kí wọ́n lè fi ṣe orin. Ọmọ tí kò tíì mọ ìwé kà a ti máa kọ orúkọ àwọn ọba Mali lórin kí ó tó pàdé wọn nínú ìwé, bí ó bá tilẹ̀ máa pàdé wọn níbẹ̀ rárá. Ọdún 2003 ni òfin tó sọ ìtàn Áfíríkà di dandan ní ilé ẹ̀kọ́ gbogbo ní Bùràsíìlì. Ẹ̀kọ́ tí ìjọba wá sọ di òfin nígbà náà ti ń lọ lórí ìlù ní Curuzu fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Láti inú èyí ni ilé ẹ̀kọ́ gidi ti jáde. Ní ọdún 1988, Mãe Hilda ṣí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nínú ilé òrìṣà rẹ̀ gan-an, kí àwọn ọmọ adúgbò lè mọ̀ ọ́n kọ kí wọ́n sì mọ̀ ọ́n kà. Ní ọdún 1992 ni wọ́n dá Band'Erê sílẹ̀, ibi tí àwọn ọmọdé ti ń kọ́ ìlù, orin àti ijó. Ní ọdún 1995, ẹgbẹ́ náà gbé ètò ẹ̀kọ́ wọn jáde lọ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tí ó wà ní àyíká. Kò sí ibi tí ọmọ ti fi ilé sílẹ̀ kí ó tó rí olùkọ́. Ìyá tí ó ń wẹ orí fún ẹbí rẹ̀ ni ó ni ilé ẹ̀kọ́, àwọn tí ń lu ìlù jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní àdúgbò, bí ọmọ náà bá sì pa ẹ̀kọ́ jẹ, ìròyìn yóò dé ilé kí òun fúnra rẹ̀ tó dé.

4. Pelourinho: ìlù tí ayé gbọ́

Pelourinho ni orúkọ òpó tí wọn ń so ẹrú mọ́ láti nà án, orúkọ náà ni ó sì di ti adúgbò. Àwọn ọlọ́lá ni ó kọ́ àwọn ilé gíga ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó lọ sí apá ibòmíràn nínú ìlú, wọ́n pín àwọn ilé náà sí yàrá kéékèèké fún àwọn ayálégbé. Ní ọdún 1979, àwọn olùgbé adúgbò yìí, tí àwọn ará ìlú ń wò bí ibùgbé olè àti aṣẹ́wó, dá Olodum sílẹ̀ kí àwọn náà lè ní ẹgbẹ́ kánífà tiwọn. Neguinho do Samba, ọ̀gá onílù tí ó ti bá Ilê Aiyê ṣiṣẹ́, wá sọ́dọ̀ wọn ní àwọn ọdún 1980. Ó yí bí ohùn àwọn ìlù ńlá ṣe ń dá ara wọn lóhùn padà, ó pa ìlù samba pọ̀ mọ́ régè, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ojú pópó. Láti àárín àwọn ọdún 1980 ni Olodum ti ní ilé ẹ̀kọ́ ìlù fún àwọn ọmọdé. Ní ọdún 1990, àwọn òṣèré bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ Bando de Teatro Olodum. Ní ọdún kan náà ni orin tí Paul Simon gbà sílẹ̀ pẹ̀lú wọn jáde, gbogbo ayé sì gbọ́ ìlù Pelourinho.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí ni ó mú wa kọ bébà yìí. Ní ọdún 1985, àjọ UNESCO ti ka àárín ìlú náà mọ́ ogún àgbáyé. Láti ọdún 1992, ìjọba ìpínlẹ̀ Bàhíà bẹ̀rẹ̀ sí í tún àwọn ilé ibẹ̀ ṣe láti fa àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ mọ́ra. Wọ́n fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹbí tí ń gbé nínú wọn ní owó gbà-má-bínú kékeré, wọ́n sì ní kí wọ́n máa lọ. Àwọn yàrá tí àwọn ọmọ onílù ń sùn sí di ilé oúnjẹ àti ilé ìtajà. Àwọn òṣèré Bando náà kò dákẹ́. Eré Ó Paí, Ó ti ọdún 1992 fi ìgbésí ayé àwọn ayálégbé inú ilé kan hàn. Èyí tí ó tẹ̀ lé e ní ọdún 1994, Bai Bai Pelô, sọ̀rọ̀ nípa ìdágbére wọn. Nígbà tí Michael Jackson dé ní ọdún 1996 láti ya àwòrán orin rẹ̀ pẹ̀lú àwọn onílù Olodum, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹbí ayálégbé ti kó lọ sí ẹ̀yìn ìlú.

Ilé ẹ̀kọ́ náà kò parun, ìlù rẹ̀ kò sì dákẹ́. Neguinho do Samba tún dá ẹgbẹ́ Didá sílẹ̀ ní ọdún 1993 ní Pelourinho, kí àwọn obìnrin náà lè lu ìlù tí a ti kà sí ti ọkùnrin. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ ti yà kúrò lára ilé. Ìyá tí ó ń gbọ́ ìlù ọmọ rẹ̀ láti ojú fèrèsé tẹ́lẹ̀ ti wà ní ibi tí kò ti lè gbọ́ ọ mọ́.

5. Àtakò kan àti ìdáhùn sí i

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan sọ pé a ń fi ohun méjì tí kò dọ́gba wé ara wọn. Curuzu kò ní ilé àtijọ́ tí arìnrìn-àjò yóò wá wò. Bóyá nítorí pé kò sí ẹni tí ojú rẹ̀ wọ ilẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ṣe fi àwọn ará ibẹ̀ sílẹ̀. Àtakò yìí lágbára, a kò sì lè sọ pé kò ní òótọ́ nínú. Síbẹ̀, ó tún fi ẹsẹ̀ èrò tiwa múlẹ̀ ni. Bí ohun tí ó dáàbò bo Curuzu bá jẹ́ pé ilẹ̀ rẹ̀ kò wu ẹnikẹ́ni, a jẹ́ pé ìlù kọ́ ni ó dáàbò bò ó. Ní Pelourinho ẹ̀wẹ̀, bí ìlù ti ń dùn sí i ni adúgbò ń níyì sí i, iyì náà kò sì sí lórúkọ ayálégbé.

Ẹ̀rí mìíràn tún wà. Ní ọdún 2005, nígbà tí iṣẹ́ àtúnṣe dé ìpele keje, àwọn olùgbé tí ó kù kó ara wọn jọ, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ wọn lọ sí iwájú òfin, ìjọba sì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pé ẹbí 103 yóò máa gbé ní àárín ìlú náà. Ìwé àdéhùn ni ó ṣe ohun tí òkìkí ìlù kò lè ṣe.

6. Ìgúnlẹ̀

A kò fi èyí sọ pé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà kò wúlò fún ọmọ tálákà. Ó sọ àwọn ọmọ tí a ti kọ̀ sílẹ̀ di onílù, òṣèré àti olùkọ́, ó sì fún wọn ní ìtàn tí wọ́n lè fi yangàn. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí ó bá ń ṣètò irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní láti béèrè ọ̀rọ̀ ilé kí ó tó béèrè ọ̀rọ̀ ìlù: ta ni ó ni yàrá tí ọmọ yìí ń sùn sí, títí di ìgbà wo sì ni? Ẹni tí ó bá rántí ohun tí ojú àwọn ará Maroko rí ní Èkó ní oṣù Keje ọdún 1990 yóò mọ̀ pé ìbéèrè náà kò jìnnà sí wa.

Òwe àwọn àgbà dúró síbẹ̀. Ọmọ tí a kò kọ́ yóò ta ilé. Ṣùgbọ́n ìtàn Pelourinho fi hàn pé ọmọ tí a kọ́ dáadáa pàápàá kò lè di ilé mú fún òbí tí kò ní in, àfi bí àwọn tí ó kọ́ ọ bá bá ẹbí rẹ̀ jà fún ilé náà. A fi èyí síwájú àwọn olùkọ́ wa àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, kí wọ́n bá wa tún un yẹ̀ wò.