Ẹ̀sọ̀ Ìgbín

Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ nìgbín fi ń gun igi. Ẹni tó bá ti rí ìgbín lára ògiri lẹ́yìn òjò ti rí ìtumọ̀ òwe náà: kò lọ́wọ́, kò léèékánná, ó sì dé òkè. Láti ìgbà tí kókósẹ̀ mi ti ṣẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó pè mí láti ilé tí kò pa òwe yìí fún mi, gbogbo wọn ló sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí pé kí n ṣe sùúrù. Ìtumọ̀ yẹn ni mo fẹ́ tún yẹ̀ wò, nítorí pé òwe kò fi sùúrù gun igi. Ẹ̀sọ̀ ló wí.

Ẹni tó ń dúró de òjò ń ṣe sùúrù. Kò sí ohun tó lè fi kún un. Ẹni tó gbé ìkòkò ọbẹ̀ gbígbóná gba àárín ọmọ wẹ́wẹ́ kọjá ń ṣe ẹ̀sọ̀: ó ń lọ, kò dúró, ṣùgbọ́n ó ń wo ibi tó ń tẹ̀. Inú èdè Lárúbáwá ni sùúrù ti bá ẹ̀sìn wọlé tọ̀ wá. Ẹ̀sọ̀ ti wà nílé. A ti wá ń lo èkíní fún ìkejì débi pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán gbà pé ìjókòó nìkan ni iṣẹ́ òun.

Trans-Ekulu ni mò ń gbé, ní Enugu. Orúkọ àdúgbò náà ti sọ ibi tó wà: òdìkejì odò Ekulu. Ti ìlú gan-an ni àwọn ènìyàn máa ń ṣì gbọ́. Lóòótọ́, “orí òkè” ni Enugu túmọ̀ sí lédè Igbo, ṣùgbọ́n Enugu Ngwo tó wà lókè lọ́hùn-ún ló ni orúkọ; ìsàlẹ̀ òkè ni ìlú tó dìde nítorí èédú tí wọ́n rí ní 1909 jókòó sí. Síbẹ̀ ilẹ̀ rẹ̀ kò tẹ́jú, ẹni tó bá sì ń fi ẹsẹ̀ kan rìn ló mọ bí kò ṣe tẹ́jú tó. Nínú òjò ni mo sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, etí gọ́tà yọ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi yí sínú, mo sì gbọ́ ọ bí ìgbà tí wọ́n dá igi ìdáná.

“Ndo,” ni àwọn aládùúgbò mi ń wí. “Pẹ̀lẹ́,” ni àwọn ará ilé ń wí lórí fóònù. Ìbánikẹ́dùn ni méjèèjì, ṣùgbọ́n pẹ̀lẹ́ tiwa ní ìmọ̀ràn nínú: òun náà là ń sọ fún ẹni tó gbé àwo tó lè fọ́. Ìyá tó ń ta oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní ọkpa lẹ́bàá ọ̀nà wa máa ń kí mi ní ndo, yóò wá fi “jiri nwayọ” lé e, pé kí n máa rọra. Ó ń fi ọ̀rọ̀ méjì ṣe ohun tí àwa ń fi ẹyọ kan ṣe, mo sì máa ń rò ó pé ọ̀nà tirẹ̀ ló sàn, nítorí pé tiwa ti mọ́ wa lẹ́nu débi pé ìkẹ́dùn nìkan là ń gbọ́ níbẹ̀ mọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni gbogbo ayé mọ̀. “Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wàá ti máa rìn.” Irọ́ kọ́ ni iye yẹn, àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń kà. Bí egungun bá ṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ ń dì yí ojú ibẹ̀ ká. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ohun kan tó rọ̀ tó sì yi bí etí ènìyàn á ti dí àlàfo náà. Lẹ́yìn náà ni egungun tuntun á máa gba ipò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí yóò fi hàn nínú ẹ́síréè bí kókó lójú ibi tó ṣẹ́. Ní kókósẹ̀, èyí máa ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá. Egungun ojúgun lè gba oṣù mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ara tó gbẹ́ kókó náà padà sí bí egungun ṣe rí tẹ́lẹ̀, ó lè di ọ̀rọ̀ ọdún. Sìgá ń fà á sẹ́yìn, ìtọ̀ ṣúgà náà ń fà á sẹ́yìn. Ohun tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ń kà, bó bá tiẹ̀ kà á pé, ni ìgbà tí egungun so. Ìgbà tí ẹsẹ̀ padà jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀, àìmọ ìyàtọ̀ méjèèjì ló sì ń mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ̀rètí nù ní oṣù kẹta, nígbà tí dókítà ti ní egungun ti dára, tí àwọn kò sì lè sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Àwọn tó ń to egungun nílẹ̀ wa ní àṣà kan tí àwọn àgbà mọ̀ dáadáa. Wọ́n á ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìyẹ, wọ́n á dì í bí wọ́n ṣe di ti aláìsàn. Ọjọ́ tí adìyẹ bá rìn ni wọ́n á ní kí aláìsàn dìde. Mo rí ọgbọ́n kan nínú rẹ̀: ó fún ẹni tó dùbúlẹ̀ ní ohun alààyè tó lè máa wò láràárọ̀. Ṣùgbọ́n egungun ẹyẹ máa ń so ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Adìyẹ á ti máa jẹ̀ kiri ẹ̀yìnkùlé nígbà tí ti ènìyàn ṣì rọ̀ bí etí. Dídì tó fún jù ló tún burú ju ìyẹn lọ. Bí pákó oparun bá fún ẹsẹ̀ débi pé ẹ̀jẹ̀ kò rí ọ̀nà gbà, ọmọ ìka á tutù, á kú tipiri, á dúdú. Àwọn dókítà ní Nàìjíríà ti gé ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ tí kì bá ti di gígé ká ní wọ́n tètè tú okùn. POP tí ilé ìwòsàn fi ń di egungun pàápàá lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ọmọ ìka rẹ̀ bá tutù nínú rẹ̀, tàbí tí ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ bá ṣàdédé wú tó ń ro ó, kó má ṣe dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún un. Kó lọ lọ́jọ́ náà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì fojú tín-ínrín iṣẹ́ ato-egungun, nítorí pé ọ̀kan nínú àwọn tó fi ìpìlẹ̀ ìṣègùn egungun lélẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, inú irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ló ti jáde. Wales ni wọ́n ti bí Hugh Owen Thomas ní 1834. Bàbá rẹ̀ ń to egungun ní Liverpool láìjẹ́ dókítà, ọmọ wá lọ kàwé ìṣègùn. Ìsinmi ni gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀: ìsinmi pípẹ́, tí ohunkóhun kò gbọdọ̀ dá. Irin tó ṣe láti fi na itan tó kán ni Robert Jones, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, mú wọ Ogun Àgbáyé Kìíní, ó sì gba ẹ̀mí àìmọye ọmọ ogun là. Ní ilẹ̀ Faransé, láyé kan náà, Just Lucas-Championnière ń wí òdìkejì: ẹ jẹ́ kí ó máa mì, ẹ má sin oríkèé láàyè. Ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni kò gbà fún un. Ní 1892, Julius Wolff ní Jámánì tẹ ìwé tó fi hàn pé bí ẹrù bá ṣe ń wà lórí egungun ni egungun ṣe ń mọ ara rẹ̀. Ní 1958, àwọn oníṣẹ́ abẹ kan ní Switzerland dá ẹgbẹ́ AO sílẹ̀, wọ́n ń fi irin àti ìdè di egungun mú ṣinṣin kí oríkèé lè tètè bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Láàárín Thomas àti ará Faransé yẹn, ta ló jàre? Lójú mi, àwọn méjèèjì kò sọ̀rọ̀ lórí ohun kan náà. Ti egungun ni Thomas ń wí, ti ẹsẹ̀ ni ará Faransé ń wí. Ní ilé ìwòsàn egungun ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní ọ̀nà Abakaliki nínú ìlú wa yìí, àti ní Ìgbóbì l'Ékòó tí wọ́n fi ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì bẹ̀rẹ̀, dókítà ló ń sọ ìgbà tí egungun gba ẹrù, àwọn físíò ló sì ń kọ́ ẹsẹ̀ ní ìrìn.

Ọjọ́ tí wọ́n fi ayùn la POP mi, ẹsẹ̀ tí mo bá nínú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí mo fi sí i. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ẹ̀gẹ́, awọ ara rẹ̀ ń ṣí bí ìpẹ́ ẹja. Láàárọ̀ ó fara jọ ẹsẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ ó ti wú, bí mo bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ á dógbun, á pẹ́ kó tó kún. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ó yẹ kí ẹnì kan ti sọ fún mi ṣáájú pé wíwú yẹn lè tó oṣù mẹ́fà, ó lè tó ọdún kan, láìjẹ́ pé ohunkóhun bàjẹ́. Gbígbé e sókè ju àyà lọ lórí ìrọ̀rí ló ń rọ̀ ọ́.

Ìdánrawò tí wọ́n fún mi rọrùn létí: kí n fi ọmọ ìka ńlá kọ á-bí-dí sínú afẹ́fẹ́, kókósẹ̀ nìkan ni kó máa yí. Mo gbà á sí ti Yorùbá. A kọjá, b kọjá. Nígbà tí mo dé ẹ, àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ gba kí n na ìka sílẹ̀ tán, omi sì bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan mo dé gb. Oríkèé kì í jọ̀wọ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ó tì í dé ibi tó ti ń fà yín, ẹ ó dúró níbẹ̀ díẹ̀, ẹ ó dá a padà. Ìrora tó bá lọ sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ kò ní wàhálà. Èyí tó bá dúró di ọjọ́ kejì ń sọ pé ẹ ti ṣe jù.

Ohun kan tí mo rí pé gbogbo ènìyàn ṣì ni ti ọ̀pá. Bí ọ̀pá bá ti ku ẹyọ kan, ọwọ́ tó wà ní ìhà ẹsẹ̀ tó ń dùn wá la máa ń fi í sí. Ọwọ́ kejì ló yẹ kó wà, kí òun àti ẹsẹ̀ náà lè jọ lọ, kí ara má bàa fì sórí ibi tó ti ń ro wá. Lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tí kò kán ló ń ṣáájú lọ sókè. Ẹsẹ̀ tó kán ló ń ṣáájú bọ̀ nílẹ̀.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ìgbín. Ẹsẹ̀ kan péré ló ní, òun ni gbogbo abẹ́ rẹ̀, kò sì gbé e kúrò lára igi rí: ibi kan ń dì mú, ibi kan ń sún. Bí ìkarahun rẹ̀ bá sán, òun fúnra rẹ̀ ló ń dí i, bó bá ti rí ẹfun jẹ. Èmi náà ń jẹ ọkpa ìyá yẹn láràárọ̀, pẹ̀lú ẹyin, nítorí pé irúgbìn tí wọ́n fi ń ṣe é ń fún ara ní ohun tí ẹran àti egungun ń lò láti tún ara wọn kọ́. Lánàá, èmi ni mo lọ rà á. Ọ̀pá wà lọ́wọ́ òsì. Mo dé etí gọ́tà náà, mo dúró, mo wo ibi tó gbẹ, mo gbé ẹsẹ̀ òsì kọjá, mo sì mú ọ̀tún tẹ̀ lé e. Ìyá náà ti ń wò mí láti òkèèrè. Kò sọ ndo mọ́. Ó ní, “Nwayọ, nwayọ,” ó ń bu ọkpa.